Sí Àjàní ọmọ mi, lórí ọ̀rọ̀ káàdì Orioles rẹ

Àjàní ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó wa àti àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà ní Baltimore níbí, a dúpẹ́. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn díẹ̀.

Àbúrò rẹ sọ fún mi pé o fẹ́ yọ nínú owó tí ìwọ àti ìyàwó rẹ ń tọ́jú fún ilé, kí o fi ra káàdì kan tí àwòrán Cal Ripken wà lórí rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù Orioles, ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù ìlú wa yìí, èyí tí wọ́n há sínú ike, tí wọ́n fún ní máàkì 10, máàkì tó ga jù fún káàdì tí kò lábùkù. Ó ní o tún ń sanwó fún àwọn tó ń já páálí káàdì lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóru. Má bá a jà. Èmi ni mo fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, o sì mọ̀ mí.

Mi ò ní kí o má ra káàdì mọ́ o. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí? Èmi náà ni mo máa ń bá ọ ra àpò káàdì níbi tí a ti ń sanwó ọjà, nígbà tí ṣíńgọ́ọ̀mù líle ṣì ń wà nínú ti Topps, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe káàdì. Ìwọ ò tilẹ̀ bìkítà fún ṣíńgọ́ọ̀mù náà.

Ọdún tí o bẹ̀rẹ̀ sì rèé, 1988, kì í ṣe ọdún tó yẹ kí ọmọ ènìyàn yan Orioles. Mọ́kànlélógún ni wọ́n pàdánù léra léra kí wọ́n tó borí ẹyọ kan. Wọn ò tíì pàdánù ju mẹ́fà lọ tí wọ́n fi yọ Cal Ripken àgbà nípò olùkọ́ni, tòun ti pé ọmọ rẹ̀ méjì, Cal àti Billy, wà nínú ikọ̀ kan náà. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ń wá àwọn gbajúmọ̀ Oakland àti New York. Ìwọ ń kó gbajúmọ̀ tìrẹ fún wọn kí wọ́n lè fún ọ ní Orioles, kódà àwọn tó jẹ́ pé orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń jókòó sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Mo máa ń rò ó nígbà náà pé wọ́n ń rẹ́ ọ jẹ. Nígbà tó yá ni mo rí i pé ẹni tó ń kó ẹgbẹ́ kan ṣoṣo jọ kì í wá ẹni tó gbówó lórí. Ẹni tó kù ló ń wá. Ohun tí mo fẹ́ kí o rántí rèé kí o tó fọwọ́ kan owó ilé.

Wò ó, káàdì tó di owó ńlá, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tọ́jú ni. Ní 1952, ìpele tó kẹ́yìn nínú káàdì Topps ò tà. Nígbà tó di 1960, Sy Berger tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ kó àwọn tó kù sínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì dà wọ́n sínú òkun lẹ́bàá New Jersey. Káàdì Mickey Mantle, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù New York, wà nínú ìpele yẹn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, wọ́n ta ẹyọ kan nínú rẹ̀ ní dọ́là mílíọ̀nù 12.6. Nínú ìlú wa níbí ńkọ́? Ní 1914, ìwé ìròyìn Baltimore News ṣe káàdì Babe Ruth, ẹni tó wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nínú Orioles àtijọ́, ẹgbẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ yìí nígbà náà, wọ́n sì tẹ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ náà máa gbá bọ́ọ̀lù sẹ́yìn rẹ̀. Ta ni yóò tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọjọ́ bá ti kọjá? Bíi mẹ́wàá péré la mọ̀ pé ó kù láyé. Èyí tí ọmọ kan tó ń ta ìwé ìròyìn pa mọ́, tí ìdílé rẹ̀ ò jẹ́ kó sọnù fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ni wọ́n tà ní dọ́là mílíọ̀nù 7.2 ní ìparí 2023.

Ti ìgbà tìrẹ yàtọ̀. Láti 1981 ni Fleer àti Donruss náà ti ń ṣe káàdì bíi ti Topps, Score dé ní 1988, Upper Deck dé ní 1989. Àwọn àgbàlagbà ti gbọ́ pé káàdì àtijọ́ ń di owó, ni kálukú bá ń ra páálí, tí wọ́n ń tì í mọ́ yàrá láìjá a. Ó wá pọ̀ bí àgbàdo òjò. Nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù yanṣẹ́lódì ní 1994, tí World Series, ìdíje àṣekágbá wọn, ò wáyé, ọjà náà tún bàjẹ́ sí i. Nítorí náà, gbogbo páálí rẹ tó wà lábẹ́ ilé wa ò lè ra táyà ọkọ̀ rẹ. Má jẹ́ kíyẹn dùn ọ́, nítorí o ò kó wọn jọ láti tà.

(Káàdì Billy Ripken ti Fleer 1989, èyí tí ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá wà nídìí igi ìgbábọ́ọ̀lù tó mú dání, ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé òun lòun kọ ọ́. Bí o bá pé ọgọ́ta ọdún, o lè wá gbà á.)

Ripken tí o fẹ́ rà yìí, ti Topps 1982, ojú mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Bob Bonner àti Jeff Schneider wà níbẹ̀ pẹ̀lú Cal, wọ́n sì kọ ọ́ pé ìràwọ̀ ọ̀la ni gbogbo wọn. Cal kópa nínú eré 2,632 tẹ̀lé ara wọn láìpa ẹyọ kan jẹ. Schneider ò pẹ́ rárá. Bonner lọ ṣe míṣọ́nnárì ní Zambia, èmi ò sì mọ ẹni tó máa pè é ní ẹni tó kùnà. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1982, èwo nínú wọn ni o máa fi owó ilé lé lórí? Ìwọ náà rántí Ben McDonald, ẹni tí Orioles mú ṣáájú gbogbo ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní 1989. Ẹ kó káàdì rẹ̀ jọ bí ẹní kó wúrà. Ó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, apá rẹ̀ bàjẹ́, ó fẹ̀yìn tì láìtíì pẹ́. Jackson Holliday, ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tí o ń kó káàdì rẹ̀ jọ báyìí, kí Ọlọ́run fún un ní ẹ̀mí gígùn àti apá tó le, ṣùgbọ́n ra ẹyọ kan ṣoṣo.

Ní ti máàkì 10 yẹn, èyí tí wọ́n fún ní 8, ojú Cal kan náà ló wà lórí rẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré jìnnà. Awò ni wọ́n fi ń rí ìyàtọ̀. Káàdì Honus Wagner, agbábọ́ọ̀lù ayé àtijọ́, èyí tó lókìkí jù, tí wọ́n fún ní 8, Bill Mastro tó tà á jẹ́wọ́ ní 2013 pé òun ti gé etí rẹ̀. Ike ò sọ gbogbo òótọ́.

Ti àwọn tó ń já páálí lóru, tẹ́tẹ́ ni, Àjàní. O san owó kí gbogbo káàdì Orioles tó bá wà nínú páálí di tìrẹ, wọ́n já a lójú rẹ, kò sí Orioles gidi kan níbẹ̀, owó ti lọ. Jáwọ́ ńbẹ̀ lónìí, má dúró dé ìparí oṣù.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o jókòó ti ìyàwó rẹ, kí ẹ fẹnu kò sí iye kékeré kan lóṣù, lẹ́yìn owó ilé. Fi wá àwọn tó kù. Láti 1954 tí Orioles ti kó wá láti St. Louis, ojú tí o ò tíì ní pọ̀, àwọn tí etí wọn ti rọ̀, tí orúkọ wọn ò dún, kì í ju dọ́là díẹ̀ lọ. Káàdì Brooks Robinson, akọni Orioles, ti 1957 á gbówó, fi í sí ìkẹyìn.

Kí o sì wá kó páálí rẹ. Omi máa ń wọ abẹ́ ilé yìí. Tú gbogbo ràbà tí o fi dì wọ́n, ó ń jẹ wọ́n létí. Ju àwọn ike àtijọ́ tó ń rùn yẹn nù, ra tuntun. Má gbé wọn sínú gáréèjì ní Dallas o, ooru ibẹ̀ á ká wọn. Jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn wọ́n. Bí ọmọbìnrin rẹ bá sì ní Rangers, ẹgbẹ́ agbègbè yín, lòun yàn, pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n fojú Orioles wa rí ní 2023, fi í sílẹ̀, kó o fún un ní páálí tirẹ̀.

Sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ fún mi kó tó di ìparí ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí bàbá rẹ fẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta, mo sì fẹ́ kó wà nílé láti bá ọ gbé wọn sínú ọkọ̀. Bá mi kí ìyàwó wa dáadáa.

Èmi ni,
Ìyá rẹ