Àwo fèrè André 3000 kò forí ṣánpọ́n

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn òǹkàwé yín létí. Láti ìgbà tí André 3000, ọmọ Atlanta ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá ẹgbẹ́ ráàpù Outkast sílẹ̀, ti gbé New Blue Sun jáde lọ́jọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ni àwọn kan ti ń sọ pé àwo náà forí ṣánpọ́n. Ẹ̀rí tí wọ́n ń mú wá kò ju méjì lọ: pé kò sí ráàpù kankan nínú rẹ̀, fèrè ni, àti pé ipò 34 ló ti bẹ̀rẹ̀ lórí Billboard 200, àtẹ tí wọ́n fi ń to àwo tó tà jù ní Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni méjèèjì. Ibi tí wọ́n ń fà á lọ ni kò tọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti àtẹ yẹn. Bí wọ́n ṣe ń kà á lọ́dún náà ni pé orin tí àwọn tó ń sanwó gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ pé ìgbà 1,250 kó tó di àwo kan tí wọ́n tà. Bó bá jẹ́ ti ọ̀fẹ́, tí ìpolówó ọjà ń wọ àárín rẹ̀, ó di 3,750. Orin ìṣẹ́jú 2 àti orin ìṣẹ́jú 12, ọgbọọgba ni wọ́n lójú ìṣirò yìí. Orin 8 péré ló wà nínú New Blue Sun, gbogbo rẹ̀ sì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 87. Ẹni tó bá jókòó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, 8 ni wọ́n kà fún un. Kó tó di àwo kan, wọ́n ní láti gbọ́ ọ tán nígbà 156 ó lé díẹ̀, wákàtí tó ju 226 lọ sì nìyẹn. Ẹ wá mú àwo tó ní orin 24, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 2 àbọ̀. Wákàtí kan ni yóò fi parí, ìgbà 52 ó lé díẹ̀ ló sì máa pé. Wákàtí 52 lọ́wọ́ kan, 226 lọ́wọ́ kejì! Ẹni tó bá fi ipò 34 ṣe ẹ̀rí, kó fi èyí náà kún un.

Síbẹ̀, orin àkọ́kọ́ inú rẹ̀, tó gba ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20, bọ́ sí ipò 90 lórí Hot 100, àtẹ Billboard fún orin ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí orin tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tó ti wọ àtẹ náà rí ṣáájú rẹ̀. Àkọlé orin yẹn gan-an ń tọrọ gáfárà: ó búra pé òun fẹ́ ṣe àwo ráàpù ní tòótọ́, àmọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ gbé òun lọ nìyí. Nígbà tí ìdíje Grammy ti 2025 dé, wọ́n ka àwo fèrè yìí mọ́ àwọn tó ń du àwo tó dára jù lọ lọ́dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Beyoncé ló gbà á.

Kì í ṣe pé ráàpù ti kú lẹ́nu rẹ̀. Lọ́dún 2023 kan náà, ohùn rẹ̀ wà nínú “Scientists & Engineers”, lórí àwo Killer Mike, olórin ráàpù ẹgbẹ́ rẹ̀, orin náà sì gba Grammy méjì lóṣù Kejì 2024. Àlàyé tó ṣe fún àwọn oníròyìn ni pé ní ọmọ ọdún 48, òun kò mọ ohun tó kù tí òun máa fi ráàpù: ṣé àyẹ̀wò ìfun ni, àbí ojú tó ń ṣú? A kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ níbí. Ọdún 1975 ni wọ́n bí òun àti Killer Mike, ìlú kan náà ni wọ́n ti wá, ọ̀rọ̀ ilé àti ẹbí sì ni Killer Mike fi kún àwo tirẹ̀ bámúbámú.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tó wà nínú fèrè. Ọ̀kan lára èyí tó ń fọn ni contrabass flute, tí ohùn rẹ̀ fi octave méjì (octave kan ni láti do kan sí do tó tẹ̀ lé e) rẹlẹ̀ sí ti fèrè onírin tó wọ́pọ̀. Ọ̀pá rẹ̀ gùn ju mítà 2 lọ, wọ́n ní láti tẹ̀ ẹ́ kó tó ṣeé dì mú. Ètè gbọ́dọ̀ rọ̀, èémí gbọ́dọ̀ máa jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí afọnfèrè bá fi agbára fẹ́ ẹ, ohùn á ta sókè sí octave kejì. Bí èémí bá sì kéré, ìró afẹ́fẹ́ lásán ni ẹ máa gbọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀, ẹni tó bá kánjú kò lè fọn ọ́n. Fèrè Maya náà wà níbẹ̀, ti ọparun wà, eléyìí tó ń lo iná náà wà, pẹ̀lú ìlù Carlos Niño, tí wọ́n jọ ṣètò àwo náà.

Etí Yorùbá tiẹ̀ lè ṣì wá lọ́nà. Ẹni tó mọ dùndún, bó bá ti gbọ́ ohùn tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ló máa ń wá nínú rẹ̀: oríkì ta ni, òwe wo ni? Kò sí ọ̀rọ̀ lábẹ́ fèrè yìí. Èémí ni kí ẹ tẹ̀ lé, ibi tó ti fà á àti ibi tó ti dá a dúró.

Lójú tiwa, àwo náà gùn jù. Ìṣẹ́jú 20 ṣeé yọ kúrò láàárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan orin ìkẹyìn. Àkọlé rẹ̀ sọ̀rọ̀ àlá tí wọ́n sin sábẹ́ ilẹ̀ Dungeon, tó ń hù díẹ̀díẹ̀ di ọgbà tí kì í kú. Dungeon ni yàrá abẹ́ ilé kan ní Atlanta, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ erùpẹ̀, níbi tí Outkast ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1995, nígbà tí àwọn ará New York ń hó lé wọn lórí níbi àmì ẹ̀yẹ The Source, ìwé ìròyìn ráàpù, André ló dìde tó ní Gúúsù, ìyẹn ìhà Amẹ́ríkà tí Atlanta wà, ní ọ̀rọ̀ í sọ.

Ẹ má fi sípíkà inú fóònù gbọ́ àwo yìí. Ohùn ìsàlẹ̀ fèrè ńlá yẹn ń sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 65 Hz, sípíkà kékeré kò lè gbé e. Íyápíìsì tàbí sípíkà tó ní báàsì ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìwọ̀n dátà 96 kbps, dátà tó máa jẹ kò ju nǹkan bíi 63 MB lọ. Ẹ̀yin ará wa nílé iṣẹ́ rédíò, ẹ má gé orin ìṣẹ́jú 12 sí 3 mọ́. Ẹ fi í sínú ètò òru, nígbà tí ìpolówó ọjà kò pọ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó dún tán.

Àwa olùfẹ́ orin ráàpù,
Ìbàdàn.