Àpótí Ìwé Bàbá Kì Í Ṣe Bébà Àkàrà

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ kan, ìyá alákàrà àdúgbò wa fi ìwé ìròyìn Yorùbá àtijọ́ di àkàrà fún mi. Epo ti mu ún, etí rẹ̀ sì ń rún bí èèpo ẹ̀pà. Mo bi í níbi tó ti rí i. Ó ní àwọn ọmọ olóògbé kan ló kó o wá, àpótí kan gbáko!

Bẹ́ẹ̀, irú ìwé yìí ni yàrá àkójọ pàtàkì nílé ìkàwé yunifásítì wà fún. Ní Kenneth Dike Library ní Yunifásítì Ìbàdàn ni àwọn ìwé Herbert Macaulay wà, olóṣèlú ajìjàgbara ní Èkó, ẹni tó kú lọ́dún 1946. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀ràn Eléko, ìyẹn ìjà tó wáyé láàárín ìjọba amúnisìn àti Ọba Èkó, ṣe lọ gan-an kò lè fo àwọn ìwé náà dá. Wọn kì í yáni ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ sílé. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń kà á, pẹ́ńsù ni wọ́n sì fi ń kọ nǹkan sílẹ̀, torí tàdáwà kì í ṣeé nù nù.

Ẹ̀yin alákòóso ilé ìkàwé, ẹ kéde lórí rédíò, ní Yorùbá, irú ìwé tí ẹ ń gbà. Ìkéde tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri nínú ọgbà yunifásítì, ọmọ olóògbé wo ni yóò rí i?

Mo ṣì tọ́jú ewé ìwé ìròyìn tèmi. Òórùn àkàrà kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan,
Ìbàdàn.