Sí Ẹ̀yin Ọmọ Wa Tí Ẹ Ń Yáwó Ra Òrùka Dáyámọ́ńdì

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Manchester àti ní gbogbo ibi tí iṣẹ́ gbé yín dé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà òtútù. Ọ̀rọ̀ kan ni ó mú kí n kọ̀wé sí yín, n kò sì ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Ọmọ àbúrò mi kan yáwó ra òrùka dáyámọ́ńdì fún ọmọbìnrin tí ó fẹ́ fẹ́, gbèsè náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìgbéyàwó náà ká kí wọ́n tó ṣe é. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ń ṣe bíi tirẹ̀ nínú yín kò lóǹkà.

Ẹgbẹ̀rún méje pọ́ùn ni wọ́n ta òrùka náà fún un. Ó san díẹ̀ lọ́wọ́, ó fi káàdì san díẹ̀, ó sì gba ìyókù lọ́wọ́ àwọn ayánilówó tí èlé wọn ń gorí èlé. Ó kúnlẹ̀ ní etí odò Thames, àwọn ọ̀rẹ́ ya fọ́tò, wọ́n gbé e sórí Instagram, gbogbo ayé sì ń bá a yọ̀. Nígbà tí ó ṣe, ẹbí ìyàwó fi ìwé ẹrù ìdána ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta, ọmọ yìí kò sì ní owó iṣu, kò ní owó oyin, kò ní owó àpótí aṣọ. Òru ni ó wá bá mi. Mo bi í bóyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ mọ̀ nípa gbèsè náà, ó dorí kodò.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, kì í ṣe òkúta náà. Obìnrin tí kò mọ̀ pé òun ni yóò bá ọkọ òun san owó òrùka tí ó wà ní ìka òun, ní ọjọ́ tí ó bá mọ̀, kí ni yóò tún gbà gbọ́ lẹ́nu ọkọ náà?

Mo tẹ̀lé e lọ sí Hatton Garden, àdúgbò tí àwọn oníṣòwò dáyámọ́ńdì pọ̀ sí ní Lọ́ńdọ̀nù, bóyá a óò rí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tí ó dá wa lóhùn fi awò kékeré kan sójú, ó yí òrùka náà sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ iná, ó gbé e sórí ìwọ̀n, ó kọ iye kan sórí ìwé pélébé, ó sì tì í sọ́dọ̀ wa láì sọ̀rọ̀. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ọmọ náà rà á. Ó rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. A wọ ṣọ́ọ̀bù mìíràn, ohùn kan náà ni a gbọ́. Kò sí jìbìtì níbẹ̀. Nínú owó òrùka tuntun ni owó orí ọjà ti ìjọba wà, tí wọ́n fi 20 lé orí 100. Èrè ẹni tí ó tà á wà níbẹ̀, owó ṣọ́ọ̀bù tí ó háyà wà níbẹ̀, owó ìpolówó náà wà níbẹ̀, ẹ kò sì lè rí ọ̀kan gbà padà nínú wọn ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yé yín pé ńṣe ni ẹ ń fi owó pamọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó pamọ́, kí ó ra ilẹ̀ sí Ìkòròdú, bí àwọn ọmọ onílẹ̀ bá gbà fún un.

Ta ni ó tilẹ̀ sọ fún yín pé owó oṣù méjì tàbí mẹ́ta ni ọkùnrin gbọ́dọ̀ fi ra òrùka? Mo bi ọmọ náà, ó ní gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn wo? De Beers ni, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1888 lórí dáyámọ́ńdì tí wọ́n ń wà nígbà náà ní Kimberley ní Gúúsù Áfíríkà. Ní 1947, obìnrin kan tí ń bá wọn kọ ìpolówó ní Amẹ́ríkà, Frances Gerety, kọ ọ́ pé títí láé ni dáyámọ́ńdì wà. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1980, ìpolówó wọn ti ń sọ fún àwọn ọkùnrin ibẹ̀ pé owó oṣù méjì kò pọ̀ jù fún ohun tí yóò wà títí láé. Ẹni tí ń ta ọjà ni ó bá yín ṣírò iye tí ẹ óò ná, ẹ sì gbà á bí ẹni pé òfin Mósè ni! Bàbá wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó bi àna rẹ̀ léèrè iye kárátì, ìyẹn ìwọ̀n òkúta dáyámọ́ńdì, rí? Ẹ ti fojú ara yín rí ìwé ẹrù ìdána ẹlòmíràn, ẹ mọ ohun tí ó máa ń wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ẹ ná owó tán kí tiyín tó dé!

Ẹ má bínú. Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ màmá yín ní Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní àdúgbò Ògùnpa ni a gbà lọ. Ìyá ìyàwó mi fún wa ní yẹtí wúrà kan tí èkejì rẹ̀ ti sọnù, ó ní kí wọ́n yọ́ ọ mọ́ wúrà òrùka kí owó wa lè tó. Ọkùnrin náà fi òwú wọn ìka màmá yín, ó ta á ní kókó, ó sì fi kọ́ ìṣó kan lára tábìlì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó mú ọ̀pá ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ń fi fẹ́ iná sára yẹtí náà títí ó fi ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan. Ní ọjọ́ ìdána, wọ́n fi rìbọ́nù so òrùka náà mọ́ Bíbélì. Nígbà tí alága ní kí ìyàwó mú ohun tí ó wù ú jù nínú gbogbo ẹrù, Bíbélì ni ó gbé, òrùka sì bá a wá. Wọ́n ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní. Òrùka náà ti fẹ́lẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan báyìí, ẹni tí ó ni ín sì ní kí n má ṣe gbàgbé láti sọ fún yín pé òun náà ì bá gba dáyámọ́ńdì bí mo bá ní owó rẹ̀.

Nítorí náà, n kò wá kà á léèwọ̀. Bí ó bá wù yín, ẹ rà á, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ owó tí ó wà lọ́wọ́ yín. Àwọn àgbà ti sọ ti ṣòkòtò àgbàbọ̀, ẹ mọ ìyókù.

Kárátì kan kò ju ìdá kan nínú márùn-ún gíráàmù lọ. Òkúta róbótó tí ó jẹ́ kárátì kan máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 6.5, èyí tí ó jẹ́ 0.9 máa ń fẹ̀ tó 6.2. Ojú wo ni yóò rí ìyàtọ̀ yẹn lórí ìka? Ṣùgbọ́n nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ máa sọ pé kárátì kan ni tòun, ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń fò sókè. Ẹ ra 0.9. Bákan náà ni ti àwọ̀, tí wọ́n ń kà láti D, tí kò ní àwọ̀ rárá, dé Z: bí ẹ bá fi òkúta H tàbí I sínú wúrà tí kì í ṣe funfun, bóyá ni ẹnikẹ́ni yóò mọ̀ pé kì í ṣe D. Bí wọ́n ṣe gé e ni kí ẹ má fi ṣeré, nítorí pé ibẹ̀ ni dídán ti ń wá. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí GIA, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ń yẹ dáyámọ́ńdì wò. Ẹ wo inú òrùka náà fún òǹtẹ̀, 375, 585 tàbí 750, èyí tí ń sọ bí wúrà rẹ̀ ṣe mọ́ tó. Orí ẹkùn ni wọ́n ń tẹ̀ sí èyí tí wọ́n bá yẹ̀ wò ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pe dáyámọ́ńdì tí wọ́n ṣe nínú ẹ̀rọ ní ayédèrú. Èmi kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Kábọ́ọ̀nù kan náà ni, ojú lásán kò sì lè yà á sọ́tọ̀ sí èyí tí wọ́n wà jáde láti inú ilẹ̀. De Beers fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 2018, ní 800 dọ́là fún kárátì kan, wọ́n sì kéde ní 2025 pé àwọn yóò dá a dúró; owó rẹ̀ ní ọjà ti já wálẹ̀ gan-an láti 2018. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, kí ó lọ sídìí èyí láì tijú, kí ó má sì retí pé òun yóò rí i tà. Moissanite, òkúta mìíràn tí ó jọ dáyámọ́ńdì, pẹ̀lú ń dán, kì í sì í tètè ní àpá, ṣùgbọ́n kì í ṣe dáyámọ́ńdì; ẹni tí ó bá rà á, kí ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé moissanite ni. Ẹ̀rù irú àṣírí bẹ́ẹ̀ ni ó ń bà mí láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Kí ló dé tí ẹ kò lè jókòó ti ọmọbìnrin tí ẹ fẹ́ bá lo ọjọ́ ayé yín, kí ẹ sì sọ fún un pé, iye tí mo ní nìyí? Ẹni tí iye yẹn bá lé lọ, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.

Ẹni tí ó bá ti kó sínú gbèsè òrùka, kí ó sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lónìí, kí ó sì tọ àgbà kan lọ nínú ẹbí kí ìwé ẹrù tó dé. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin ilẹ̀ yìí fún un ní ọjọ́ 14 láti ìgbà tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, láti sọ pé òun kò rà mọ́, àyàfi bí ó bá jẹ́ pé fún òun nìkan ni wọ́n ṣe é. Ẹ yọ káléńdà yín síta, kí ẹ kà á.

Èmi ni,
Bàbá yín ní Lọ́ńdọ̀nù