Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Aránṣọ sí Alága Káńsù lórí Owó Ṣọ́ọ̀bù Tuntun

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,
Nípasẹ̀ Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Káńsù.

Ọlọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ kú ìfaradà. Olúwa yóò máa bá yín gbé e.

Àwa tí a kọ ìwé yìí ni olóyè àti ọmọ ẹgbẹ́ aránṣọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, ní gbogbo wọ́ọ̀dù ìjọba ìbílẹ̀ yìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Kò sí ìgbéyàwó, ìsìnkú tàbí ìwúyè kan nílẹ̀ yìí tí ọwọ́ wa ò sí níbẹ̀. Agbádá tí ẹ wọ̀ lọ́jọ́ ìbúra yín, ọ̀kan nínú wa ló gé ọrùn rẹ̀. Bí a bá káwọ́ gbera fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, kò ní pọ̀ jù bí a bá sọ pé ìhòhò ni ìlú máa wà.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin jókòó, wọ́n sọ owó ṣọ́ọ̀bù tí à ń san lọ́dún di ìlọ́po mẹ́ta. Ní ìjókòó kan náà, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, wọ́n gé owó orí ilé sí ìdajì. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé nǹkan le fún àwọn onílé. Ẹ̀rín fẹ́ pa wá níbi tí a jókòó sí lẹ́yìn, àmọ́ a bọ̀wọ̀ fún Ilé, a gbé e mì.

Ẹ̀yin kò tíì buwọ́ lu òfin náà. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, àwọn agbowó ti dé. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú wa, wọ́n fi àgádágodo sí i, aṣọ ẹbí tí wọ́n máa wọ̀ lọ́jọ́ kejì sì wà nínú rẹ̀. Ẹ bá wa wo ojú fèrèsé: ìró ìyàwó ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì, abẹ́rẹ́ gún un mọ́lẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Obìnrin náà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jókòó síta títí ilẹ̀ fi ṣú. Aṣọ àyálò ni ìyàwó wọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ tẹ́ ìwé méjì sórí tábìlì ìgéṣọ. Ọ̀kan ni ẹ̀dà òfin tuntun tí àwọn agbowó há fún wa. Èkejì ni rìsíìtì rẹ́ǹtì rẹ̀ tọdún yìí. Ìbuwọ́lùwé kan náà ló wà nísàlẹ̀ méjèèjì, ìrù rẹ̀ ká bí ìkarahun ìgbín. A gbé wọn sún mọ́ iná, a tún wò ó. Onílé rẹ̀ ni káńsẹ́lọ̀ tó dá àbá náà.

Ọlọ́lá, a kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ilé níní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀; àwa náà ń wá a. Ṣùgbọ́n káńsẹ́lọ̀ mẹ́wàá ló jókòó, mẹ́jọ ló gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ mẹ́fà nínú mẹ́jọ yẹn sì ni àwa ọmọ ẹgbẹ́ ti háyà ṣọ́ọ̀bù. Àhesọ kọ́, rìsíìtì wà. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá lójú kan, owó orí ilé rẹ̀ ti di ìdajì. Ìdajì tó bọ́ lọ́rùn rẹ̀, ọwọ́ àwọn mẹ́wàá tó háyà ni káńsù ti ń wá a. Rẹ́ǹtì ńkọ́? Kọ́bọ̀ kan kò kúrò níbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èyí tó wà nínú Ilé yẹn gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ó tún dán an.

Téèpù wa náà kì í purọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kí ìbò tó dé, ṣòkòtò àlòkù ni wọ́n ń gbé wá kí á bá wọn yí etí rẹ̀. Aṣọ òkè ni wọ́n ń gbé wá báyìí, ìbàdí sì ti lé. A kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ wa ní àṣírí nínú.

Ká má ṣe aláìmoore, àwọn méjì kọ̀. Ọ̀kan kò ní ilé, inú ilé háyà lòun náà ń gbé. Èkejì ní ilé mẹ́ta, ó mọ̀ pé àbá náà máa dín tòun kù, síbẹ̀ ó dìde, ó ní onílé lòun, ojú sì ń ti òun. Ẹ kí i fún wa. Nítorí rẹ̀ la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe dandan kí àpò ènìyàn máa bá a gbé ọwọ́ sókè.

Òfin ọdún 1998 tó to owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà fi owó ṣọ́ọ̀bù àti owó orí ilé sọ́wọ́ káńsù. A kò jiyàn. Àmọ́ Àfikún Karùn-ún ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba má fi ara rẹ̀ síbi tí àǹfààní tara rẹ̀ yóò ti máa ta ko iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, ó sì ka alága àti ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ mọ́ wọn. Ó tún ní kí wọ́n kéde dúkìá wọn. Wọ́n kéde rẹ̀ sínú fáìlì. Ààrẹ Umaru Yar'Adua gbé tirẹ̀ síta fún aráyé ní 2007, ọ̀run kò sì já lu ẹnikẹ́ni. Ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo wa ń bú gan-an ti yọ ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó ń wọlé fún ènìyàn lọ́dún kúrò nínú owó orí láti oṣù Kínní 2026. A mọ̀ pé owó ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àánú bá wà ní Àbújá, kí ló dá a dúró lọ́nà?

A bẹ̀ yín, ẹ má buwọ́ lù ú. Ẹ dá a padà, kí ẹ sì ní kí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù obìnrin yẹn lónìí. Bí wọ́n bá tún jókòó lé e, kí káńsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ sọ iye ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó ní, kí ẹni tó bá ní ju èyí tó ń gbé lọ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà ìdìbò. Bí iye ènìyàn kò bá wá pé mọ́, gbogbo wa á jọ rí i.

Gọ́tà tó dí, àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ àti iná títì tó ti kú, ìyẹn lè dúró.

Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ń mẹ́nu ba ọdún 1968, ìgbà tí Àgbẹ́kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ tó kọ owó orí tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn, ń kọrin pé òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, là ó san. A pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Abẹ́rẹ́ nìkan la mọ̀ ọ́n mú dání. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ la ó ṣe ìpàdé gbogbogbò, inú wa yóò sì dùn bí èsì yín bá ṣáájú rẹ̀.

Àwa ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Alága, Ìyá Ẹgbẹ́ àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Àfikún: Aṣọ àwọn ọlọ́lá káńsẹ́lọ̀ mẹ́rin fún àjọ̀dún káńsù wà lọ́wọ́ wa. A ti gé e. A kò tíì rán an.