Lẹ́tà sí Àdùkẹ́: Má Kánjú Sọ Ẹja Yẹn Lórúkọ

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà tí o kọ láti Altamira ní Brazil tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì rí àwòrán ẹja inú rẹ̀. O kú iṣẹ́, o kú ewu odò. Bá mi kí àwọn apẹja tó ń fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sẹ́nu, tí wọ́n ń wọ ihò àpáta lọ lábẹ́ odò Xingu torí acari, ẹja àrọ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wọn.

O ní ìlà ara ẹja yìí kò jọ ti èyíkéyìí tí ẹ ti mọ̀, o sì fẹ́ kọ ọ́ jáde bí ẹ̀yà tuntun kí ọdún tó parí kí ẹlòmíì má baà ṣáájú rẹ. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ dá ọ dúró díẹ̀.

Má gbọ́kàn lé ìlà ara Hypancistrus, ìran acari tí ẹja rẹ jọ. Láti 1988 ni ìwé ìròyìn DATZ ní Jámánì ti ń fún àwọn ẹja àrọ̀ tí kò tíì lórúkọ ní nọ́ńbà, kí àwọn tó ń sin ẹja nínú gíláàsì lè rí nǹkan pè wọ́n. L066 wà, L333 wà, ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ́ fún àwọn oníṣòwò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá jókòó tì wọ́n dáadáa, ẹ̀yà kan náà ni wọ́n, òun ni wọ́n sọ ní Hypancistrus seideli ní 2025. Bí ẹnì kan bá ti fi ìlà ara sọ wọ́n lórúkọ láti ìgbà yẹn, kí ni ì bá kù bí kò ṣe orúkọ tí a ó máa tú ká? Tún wo akọ àti abo pẹ̀lú. Akọ máa ń hu ẹ̀gún wẹ́wẹ́ lára nígbà tí ó bá fẹ́ bí sí i, ojú rẹ a sì rí ẹja méjì níbi tí tọkọtaya wà.

Nítorí náà, gbé ẹja náà sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Fi abẹ́rẹ́ tọ àwọn egungun pẹlẹbẹ tó tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn orí títí dé ìdí ìrù, kà wọ́n, kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì pa ìwé náà dé. Lọ́jọ́ kejì, tún un kà láìwo ti àná. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ojú rẹ ló ti rẹ̀, ẹja kò yí padà. Lẹ́yìn náà, ya ẹnu rẹ̀ wò. Ní Hypancistrus, eyín ìsàlẹ̀ kì í pọ̀, ó sì máa ń gùn tó ìlọ́po méjì ti òkè. Nínú àwòrán tí o fi ránṣẹ́, mi ò rí eyín kankan.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ tó kọ́kọ́ jáde ló ni ẹja, bó ti wù kó pẹ́ tó, tìrẹ a sì di àfikún lásán. Ẹja tí Natterer, ará Austria tó ń kó ẹranko jọ fún ìwádìí, kó ní Brazil ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ṣì wà nínú ìgò ní Vienna. Ka ìwé tí Carl àti Rosa Eigenmann kọ lórí ẹja àrọ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ní 1890 (ìyàwó yẹn mọ ẹja gan-an, àwọn èèyàn kì í dárúkọ rẹ̀ tó). Kọ̀wé sí àwọn mùsíọ̀mù, kí wọ́n ya àwòrán holotype (ẹja kan pàtó tí a fi sọ ẹ̀yà lórúkọ) àwọn ẹ̀yà tó sún mọ́ tìrẹ fún ọ. Ó máa gba àkókò. Peckoltia greedoi, acari mìíràn, 1998 ni wọ́n mú un ní odò Gurupi, 2015 ló tó lórúkọ, kò sì sẹ́ni tó bú àwọn tó ṣe é.

Mo mọ èsì rẹ: dáàmù. Òótọ́ ni. Láti 2016 ni dáàmù Belo Monte ti ń darí omi kúrò ní Volta Grande, ibi tí odò Xingu ti yí kọ́rọ́, ẹja tí kò sì lórúkọ, òfin kò mọ̀ ọ́n. Hypancistrus zebra gba orúkọ ní 1991, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè lè fi sábẹ́ òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu. Síbẹ̀, àwọn fàyàwọ́ kò yé kó o. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí o má kọ ojú àpáta gan-an sínú ìwé. Kọ apá odò náà, kí o fi ìyókù sí ọwọ́ mùsíọ̀mù. Ẹja tí orúkọ rẹ̀ bá sì ń mì, agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ kan lásán ló máa fọ́ ọ ní kóòtù.

Kí o tó da formalin, omi tí kì í jẹ́ kí ẹja jẹrà, sí i, gé ẹran díẹ̀ sínú ọtí ethanol, torí formalin máa ń ba DNA jẹ́. Ya àwòrán rẹ̀ láàyè, kí lẹbẹ rẹ̀ là sílẹ̀, àwọ̀ kì í dúró nínú ìgò. Holotype ni kí o fi sílẹ̀ fún mùsíọ̀mù Goeldi ní Belém, pín ìyókù sí INPA, ilé ìwádìí Amazon ní Manaus, àti ibòmíràn. O ṣáà rántí bí mùsíọ̀mù Rio ṣe jóná ní 2018. Ilé mìíràn tí ẹja wọn wà ló yọ wọ́n.

Bó bá jẹ́ tuntun lóòótọ́, má fi orúkọ mi sọ ọ́. Mo rí i nínú ọ̀rọ̀ rẹ pé ó ń wù ọ́. Àwọn tó kọ Hypancistrus yudja jáde rántí àwọn Yudjá tó ń gbé etí odò náà, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Bi àwọn apẹja tìrẹ léèrè ohun tí wọ́n ń pè é.

Ìyá rẹ ní gàrí àti ẹja nìkan kò tó, kí o máa jẹ ẹ̀fọ́. Fi iye egungun ẹ̀gbẹ́ ẹja mẹ́wàá ránṣẹ́ sí mi, àti àwòrán eyín tó mọ́lẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ, kí o tó fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí olóòtú.

Èmi ni,
Bàbá rẹ