Owó epo ni, kì í ṣe ọjọ́ orí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde lórí mọ́tò hybrid, èyí tó ń lo epo àti iná bátìrì pọ̀, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti ní àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé, tí ọ̀rọ̀ èéfín ká lára, ló ń wà á nílẹ̀ òyìnbó. Níbo ló ti rí wọn? Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, iṣẹ́ kábù ni mò ń ṣe, Prius, hybrid ti Toyota, ni mo sì ń wà. Àwọn tí a jọ ń dúró de èrò ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow, bàbá ọlọ́mọ ló pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn ti ń gbé ọmọ-ọmọ jó.

Kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 21 kò lè gbàwé àṣẹ kábù níbí, ó sì gbọ́dọ̀ ti ní láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ fún ọdún 3, ká má tíì sọ owó ìnṣọ́ránsì tí wọ́n máa ń bù fún ọmọdé.

Ohun tó gbé wa dé ìdí Prius kò ṣòro. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni iṣẹ́ wa wà. Bí mọ́tò bá dúró, ẹ́ńjìnì á kú fúnra rẹ̀. Bó bá ń rọra yí lọ, iná bátìrì ló ń gbé e. Béèyàn bá sì tẹ búrẹ́ẹ̀kì, agbára tí ì bá ṣòfò á padà sínú bátìrì náà, láìjẹ́ pé à ń ki wáyà bọ ògiri. Epo tí mọ́tò ń jẹ lórí ìdúró ló ń pa oníkábù, èyí kì í jẹ ẹ́. Òfin tún wá gbè é lẹ́yìn: ní oṣù kẹrin 2019, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba £12.50 lójúmọ́ lọ́wọ́ mọ́tò tí èéfín rẹ̀ pọ̀ láàárín ìlú, nígbà tó sì fi di oṣù kẹjọ 2023, gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ló ti kàn. Dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kó sí i, Prius bọ́.

Àwọn olówó ti jẹ tiwọn ṣáájú wa. Ní 2003 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba £5 lọ́wọ́ ẹni tó bá wakọ̀ wọ àárín ìlú, hybrid kì í san nígbà náà. Ni Lexus bá gbé jíìpù hybrid jáde ní 2005, RX 400h. Jíìpù ràgàjì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó ń wa mọ́tò kékeré ń sanwó!

Mi ò sọ pé kò sí ìdí mìíràn o. Ní 2007, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọjà kan ní Amẹ́ríkà, CNW, bi àwọn tó ra Prius léèrè ìdí tí wọ́n fi rà á. Nínú 100, 57 ló ní torí ohun tí mọ́tò náà ń sọ nípa àwọn ni. Kì í ṣe epo, kì í ṣe èéfín. Honda náà ní Civic hybrid lọ́jà nígbà yẹn, àmọ́ ó jọ Civic lásán, ẹni tó rà á kò rí i fi ṣakọ. Prius ní ojú tirẹ̀. Fáàrí lèmi ń pe ìyẹn, mi ò sì bá wọn jà.

Ní Peckham, àdúgbò wa ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, nǹkan mìíràn ni ojú yẹn ń sọ. Ẹ wọ aṣọ òkè tó gbayì, kí ẹ gbé Prius lọ òde àríyá, ẹnì kan á ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, á jókòó, á ní òun lòún pe Uber. Ọ̀rẹ́ mi kan kì í páàkì sí àdúgbò tí wọ́n bá ti ń ṣe òde mọ́.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni pé ọ̀rọ̀ náà ti délé. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, béèyàn bá dárúkọ hybrid tókunbọ̀ n'Íbàdàn, wọ́n á ní bátìrì rẹ̀ á kú, mẹkáníìkì ò sì ní mọ̀ ọ́n ṣe. Epo fò láti bíi ₦190 sí bíi ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì kọjá ₦1,000 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni fóònù mi ò ti sinmi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ń pè. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ti Ṣágámù lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó ń pè. Oníkábù ẹgbẹ́ mi náà ń pè. Ibi tí líta epo kan ń gbé e dé ni wọ́n ń béèrè, àti iye tí wọ́n ń ta bátìrì. Ohun tó dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Kò tíì sẹ́ni tó bi mí nípa èéfín. Kí òǹkọ̀wé yín lọ ṣe ìwádìí rẹ̀ nílé epo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí kún un fáwọn tó fẹ́ rà á: ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀yìn Prius, ibẹ̀ ni fáànù ti ń fa afẹ́fẹ́ tó ń tu bátìrì lára. Bí eruku ilé wa bá dí i, bátìrì á máa gbóná títí á fi bàjẹ́. Kí wọ́n máa nù ún dáadáa, kí wọ́n má sì kó ẹrù tì í.

Èmi ni tiyín,
Oníkábù kan ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù