Mo Ti Lọ sí Àgbádárìgì Láìdúró Dè Ọ́

Sùúrùlérè, Èkó.
17 oṣù Kọkànlá, 2024.

Àdùkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Kánádà, ṣé òtútù kò sì tíì máa fìyà jẹ yín? Baba àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níhìn-ín. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí wá bẹ̀ ọ́, nítorí mo ti yẹ àdéhùn wa. Ó dá mi lójú pé o kò gbàgbé ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ girama lọ wo Àgbádárìgì, tí àwa méjèèjì kò rí owó ọkọ̀ san, tí a sì jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn kíláàsì, tí a búra pé a ó jọ lọ tí a bá ti ń gba owó oṣù. Èmi nìkan ni mo lọ lánàá.

N kò gbèrò rẹ̀ rárá. Ọ̀dọ̀ télọ̀ ni mo ń lọ láàárọ̀, láti gba aṣọ tí ó ti ń fi ọ̀la dá mi lóhùn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo débẹ̀, aṣọ náà ṣì wà nínú ọ̀rá tí mo fi gbé e fún un. Inú bí mi débi pé n kò fẹ́ padà sílé. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Òrílé, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó èrò ní 2023 lẹ́yìn tí o ti lọ, ká tó wí ká tó fọ̀, a ti dé Mile 2. Ibẹ̀ ni ìgbádùn parí sí. Kò sí kòtò tí ọkọ̀ akérò tí mo wọ̀ kò bọ́ sí láti Òkòkòmáíkò dé Àgbárá, ìyá ẹlẹ́ja tó jókòó tì mí sì fi èjìká mi ṣe ìrọ̀rí títí a fi dé.

Ilé Sẹ̀ríkì Williams Abass, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú pamọ́ sí, ni mo kọ́kọ́ yà sí. Yàrá 40 ni ó wà níbẹ̀, ẹni tó mú wa káàkiri sì sọ pé ènìyàn 40 ni wọ́n ń há mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀kan: ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ni mo gbé tí mo fi kan ògiri. Agboòrùn kan wà níbẹ̀ tí ẹni náà sọ pé ènìyàn 40 ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé wọ́n jí Sẹ̀ríkì fúnra rẹ̀ gbé ní ọmọdé, wọ́n tà á, ó dé Bràsíìlì, ó sì padà wálé wá di ẹni tí ń ta ènìyàn. Mo ti rò ó títí, n kò tíì lè foríjì í.

Láti ibẹ̀ ni a ti wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu. Okùn ẹ̀wù tí wọ́n ní kí n wọ̀ kí n má baà rì ti já, atukọ̀ sì fi àjákù àwọ̀n so ó mọ́ mi nígbàáyà bí ẹni di ẹrù. Ẹsẹ̀ ni a fi rìn nínú yanrìn láti èbúté títí dé etí òkun, ọ̀nà kan náà tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà. Bàtà òde tí mo wọ̀ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ gbé yanrìn débi pé mo bọ́ ọ sọ́wọ́, yanrìn sì gbóná bí ààrò. Ní agbedeméjì ọ̀nà ni kànga kan wà tí wọ́n ní wọ́n ń fún wọn mu nínú omi rẹ̀, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Má bínú, ìwọ ni mo rántí níbẹ̀: ẹni tí ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú láti bèèrè iye tí wọ́n ń ta tàtàṣé l'Ójúẹlẹ́gba, omi kànga wo ni ó lè ràn án?

Nígbà tí a dé ibi òpó méjì tó kọjú sí òkun, níbi tí àwọn ẹrú ti ń fi ilẹ̀ wa sílẹ̀, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ariwo ìgbì nìkan ni à ń gbọ́. Ọmọkùnrin kan bẹ́ àgbọn fún mi, àdá mẹ́ta péré, ojú rẹ̀ ṣí. Mo mu omi rẹ̀ tán lórí ìdúró.

Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ nígbà tí a padà sódì kejì. Mo dúró níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn oníwàásù CMS kọ́ parí ní 1845, tó kọjú sí ọ̀sà gan-an. Wọ́n kò tíì ti ilẹ̀kùn, owó ìwọlé sì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò wọlé. Ìyẹn ni mo fi sílẹ̀ dè ọ́.

Jọ̀wọ́, kọ̀wé sí mi, kí o sọ oṣù tí o máa gba ìsinmi, kí n lè tètè wá bàtà tó bá yanrìn mu. Télọ̀ ní aṣọ mi yóò ti jáde nígbà náà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àjọkẹ́